Orí Tí Mo Fà Ya Nínú Ìtàn Michael Faraday



Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn-àròsọ kan lórí Michael Faraday. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, alàgbà ìjọ sì ni. Mo fẹ́ kí àwọn ará rí i pé ènìyàn lè jẹ́ méjèèjì.

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ rọrùn. Ọdún 1791 ni wọ́n bí Faraday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, owó kò sì sí nílé. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo ọdún méje níbẹ̀. Ìwé tí àwọn oníbàárà gbé wá, bó ṣe ń dì wọ́n ló ń kà wọ́n. Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Davy gbà á síṣẹ́ ní Royal Institution. Ní 1831, ọmọ tí kò rí yunifásítì wọ̀ yìí fi hàn pé bí a bá ń ti òòfà wọnú wáyà tí a ká, tí a sì ń fà á jáde, iná mànàmáná yóò gba inú wáyà náà kọjá. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì yín, orí ìmọ̀ yẹn ló dúró lé.

Nígbà tí mo dé ọdún 1844 ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà, ìjọ kékeré tí Faraday ti ń lọ láti kékeré, ìjọ Sandemanian, yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìtàn tí mo kà sọ pé Ọbabìnrin Victoria ló pè é wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pa ìjọ jẹ. Háà! Irú ohun tí òǹkọ̀wé ń wá nìyí. Òru kan ni mo fi kọ orí náà. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ líle sẹ́nu àwọn alàgbà, mo fi omijé sójú Sarah ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo kà á níbi ìpàdé wa, àwọn ará pàtẹ́wọ́, arábìnrin kan tilẹ̀ sọkún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ka ìwé àwọn tó yẹ àkọsílẹ̀ wò fínnífínní. Ìtàn oúnjẹ ọba yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Aáwọ̀ ló ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ náà lọ́dún yẹn, òun nìkan kọ́ sì ni wọ́n yọ.

Mo bá ara mi jiyàn pé àròsọ ṣáà ni. Òótọ́ ni pé mo lè ro irú aṣọ tó wọ̀, tàbí bí òjò ṣe rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ àwọn alàgbà tó ti kú di òǹrorò, kí ìwé mi lè dùn. Òfin kẹsàn-án kò yọ òkú sílẹ̀. Mo fa orí náà ya, mo sì dìde níwájú àwọn ará kan náà, mo jẹ́wọ́. Ojú tì mí púpọ̀.

Òtítọ́ tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ló wá dùn jù. Ìjọ gbà á padà láìpẹ́, àmọ́ kò tún di alàgbà títí di 1860. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkùnrin tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún yìí jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ lásán, kò sì fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kó wá ṣe ààrẹ Royal Society, ó kọ̀. Ọbabìnrin fún un ní ilé ní Hampton Court ní 1858, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1867.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́rìí nínú ìpàdé, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún àbùmọ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run nínú ayé ènìyàn kò nílò irọ́ wa kó tó lẹ́wà.