BOOKER T. WASHINGTON, ẸNI TÍ Ó SO ÌWÉ PỌ̀ MỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́

Nínú àwọn ènìyàn dúdú tí ó fi ẹ̀kọ́ gbé ìran wọn ga, ó yẹ kí a rántí Booker Taliaferro Washington, nítorí ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun àròjinlẹ̀ fún gbogbo ìjọ tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́.

Nínú oko ẹrú ní Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí i ní 1856. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ó ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń se iyọ̀, ó sì wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Ní 1872 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Hampton, ó sì fi ẹsẹ̀ rin púpọ̀ nínú ìrìn náà. Olùkọ́ ní kí ó gbá yàrá kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó nù ún lẹ́ẹ̀mẹrin, a sì gbà á wọlé. Ìdánwò rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Júláì, 1881, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30. Ìjọba yan dọ́là 2,000 lọ́dún fún owó àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀, kò sì sí ilé. Nínú ahéré lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan a dìde, a ṣí agboòrùn lé e lórí. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ìwé ńláńlá, wọn kò sì fẹ́ fi ọwọ́ kan ọkọ́. Nígbà tí ó ra ilẹ̀ oko àtijọ́ kan, òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé àáké wọ igbó. Wọ́n rí i, wọ́n sì tẹ̀lé e.

Wọ́n fẹ́ kọ́lé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń sun bíríkì ní ìlú náà. Wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Ìléru kìn-ín-ní bàjẹ́, èkejì bàjẹ́, ẹ̀kẹta wó nígbà tí ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí. Owó tán, àwọn olùkọ́ sì rọ̀ ọ́ kí ó jáwọ́. Washington fi aago rẹ̀ dógò fún dọ́là 15, ó sì fi owó náà mọ ìléru kẹrin, èyí tí ó yọrí sí rere. Kò rí aago náà gbà padà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tí kò fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà wá ra bíríkì níbẹ̀.

Nínú ètò rẹ̀, ìwé àti iṣẹ́ kò pínyà. Ohun tí káfíńtà ń wọ̀n ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ìṣirò. Ẹni tí kò lówó a ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, a kàwé lálẹ́, a sì fi owó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún un títí yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀sán. Ní 1896 George Washington Carver wá kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1901 àwọn ará Tuskegee wà ní Togo, lábẹ́ ìjọba Jámánì, wọ́n ń kọ́ni ní gbígbin òwú.

Síbẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó yìn ín. Ní 1903 ọ̀mọ̀wé W. E. B. Du Bois kọ̀wé pé bí a bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ borí ẹ̀kọ́ gíga, tí a sì dákẹ́ lórí ẹ̀tọ́ ìbò, ìran dúdú yóò wà nísàlẹ̀. Àti pé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni àwọn olùkọ́ Tuskegee pàápàá ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fojú fò ó.

Washington sùn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nòfẹ́ńbà, 1915. Ó fi ilé tí ó lé ní 100 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,500. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Kí òbí tí ń tijú ọkọ́ rántí aago tí a fi dógò. Kí ẹni tí ó sì ní kí ọmọ òtòṣì fi ìwé sílẹ̀ fún iṣẹ́ nìkan rántí ọ̀rọ̀ Du Bois.