Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò: Ta Ni Ó Ṣí Ilẹ̀kùn?

  



ÌFÁÀRÀ

Gbogbo wa ni a mọ hadith tí ó sọ pé wọ́n máa ń de àwọn ṣàìtánì mọ́lẹ̀ nígbà tí Ramadan bá wọlé. Síbẹ̀, a ń rí ẹni tí ó gba ààwẹ̀ tí ó ń parọ́, tí ó ń rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, tí ó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ṣàìtánì bá wà nínú ìdè, ta ni a óò di ẹ̀bi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rù? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa yan ìtàn ayé Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, láti fi ṣe ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà gbọ́ ìtàn náà. Àwọn kan ń fi dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin wa àti àwọn tí a jọ ń gbé, wọ́n ní Fúlàní ni ó da Àfọ̀njá. Àwọn mìíràn ní èpè Aláàfin Aólẹ̀ ni ó jà á. Ọ̀nà méjèèjì ni ó gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó ni ìpinnu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

ÌRAN RẸ̀ ÀTI OYÈ RẸ̀

Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Làdẹ̀rìn ni baba ńlá Àfọ̀njá tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí ní Ìlọrin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pàsín, lẹ́yìn Pàsín ni Alàgbín, lẹ́yìn Alàgbín ni ó kan Àfọ̀njá. Jagunjagun gidi ni. Ní ọ̀dọ̀ ìyá, ó tún tan mọ́ ìdílé ọba Ọ̀yọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1789 ni Aláàfin Àbíọ́dún wàjà, tí Aólẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Ìjọba Ọ̀yọ́ ṣì tóbi lójú ará ìta, ṣùgbọ́n àárín ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò gún. Nígbà tí oyè Kakaǹfò ṣófo, Àfọ̀njá ní òun ni kí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ọkàn Aláàfin kò gbà á, nítorí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ọba lára, tí ó tún ní gbogbo ọmọ ogun lọ́wọ́, ìtẹ́ kò jìnnà sí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Aólẹ̀ bẹ̀rù ogun abẹ́lé, ó sì fún un ní oyè náà láìfẹ́. Oyè tí a fi ipá gbà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó TÌ Í

A kò ní purọ́ mọ́ Àfọ̀njá. Wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Òfin oyè Kakaǹfò ni pé bí wọ́n bá rán an lógun, kí ó ṣẹ́gun láàrin oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Aólẹ̀ wá rán an sí Ìwéré, ìlú tí apá kò ká, tí ó tún jẹ́ ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ka kíkọlù ú sí èèwọ̀. Ọba fẹ́ kí ó kú síbẹ̀ ni.

Kì í ṣe Àfọ̀njá nìkan ni ó ń bínú. Ìtàn sọ pé wọ́n kó ẹrù oníṣòwò Hausa kan ní Ọ̀yọ́, Alukurani rẹ̀ sì wà nínú ẹrù náà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn Alukurani náà ju gbogbo ẹrù rẹ̀ yòókù lọ. Ó ké gbàjarè lọ bá ọba, Aólẹ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ohun gbogbo padà. Wọ́n dá ẹrù padà, ṣùgbọ́n Baṣọ̀run Àṣàmú ní àwọn kò rí Alukurani. Ọba gbà pé wọ́n tàbùkù òun nínú ìlú ara òun, ìjà sì dé láàrin òun àti Baṣọ̀run. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ kan ṣe di ara ohun tí ó fọ́ ìlú ńlá.

Nígbà tí ogun dé Ìwéré, àwọn olórí ogun dìtẹ̀. Wọ́n pa àwọn ẹmẹ̀wà ọba tí ó tẹ̀lé wọn, wọ́n sì darí ogun padà sí Ọ̀yọ́. Àfọ̀njá wà lára àwọn olórí wọn. Wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ará ìlú ti kọ̀ ọ́. Aólẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1796. Kí ó tó kú, wọ́n ní ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì ṣépè pé àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò di ẹrú ní ọ̀nà wọ̀nyẹn.

Títí dé ibí yìí, ẹlòmíràn lè sọ pé ẹni tí wọ́n rán lọ kú ní ẹ̀tọ́ láti gba ara rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n Aólẹ̀ kú tán, ọba mìíràn jẹ, Àfọ̀njá kò padà sábẹ́ Ọ̀yọ́. Ó sọ Ìlọrin di tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ti kú. Ohun tí ó kù ní ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀san mọ́, ìfẹ́ agbára ni.

ÀWỌN TÍ Ó PÈ WÁ

Ní 1804 ni Shehu Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jíhàdì rẹ̀ ní ilẹ̀ Gobir. Kò pẹ́ tí Zaria yìí náà fi bọ́ sọ́wọ́ Malam Musa, tí Makau ọba Hausa sì sá lọ sí Zuba. Òkìkí àwọn àáfà àti àwọn ọmọ ogun wọn kàn dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ìgbà náà, àáfà Fúlàní kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Salih, tí a mọ̀ sí Shehu Àlímì, ń ṣe wáásí láti ìlú dé ìlú. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ mú Islam wá, nítorí Mùsùlùmí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1817 ni Àfọ̀njá pè é wá sí Ìlọrin, kí ó máa fi àdúrà ran òun lọ́wọ́. Ó tún pe Ṣólàgbẹ́rú, Yorùbá ọlọ́rọ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń gbé ní Òkè Súnà. Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kò gba ẹ̀sìn náà. Agbára rẹ̀ ni ó fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹrú Hausa tí ó sá kúrò lọ́wọ́ àwọn olówó wọn ní Ọ̀yọ́. Darandaran, onígbàjámọ̀ àti olókùn ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kì í ṣe irọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹrú. Ṣùgbọ́n Àfọ̀njá kò kó wọn jọ nítorí àánú, ogun ni ó fi wọ́n kó. Jàmáà ni wọ́n ń pè wọ́n, òrùka irin ọwọ́ wọn sì ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Nígbà tí ogun bá dáwọ́ dúró, wọn kì í dáwọ́ dúró. Wọ́n ń kó àwọn abúlé, wọ́n ń kó dúkìá, ẹni tí ó sì jẹ́ olówó wọn rí wà nínú ewu.

Ìkìlọ̀ kò ṣàìdé. Fágbóhùn, Oníjàbàtà, sọ ojú abẹ níkòó fún un pé àwọn tí ó ń tọ́ yìí yóò kọjá agbára rẹ̀. Kàkà kí Àfọ̀njá dúpẹ́, inú bí i, Fágbóhùn sì ní láti sá. Láti ọjọ́ náà, ta ni yóò tún kìlọ̀ fún un?

IKÚ RẸ̀

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó ti pẹ́ jù. Ó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí Oníkòyí àti àwọn ìjòyè Yorùbá mìíràn pé kí wọ́n wá bá òun pa Jàmáà run. Àṣírí tú. Jàmáà kọlù ú kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Ó pe Ṣólàgbẹ́rú, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Ṣólàgbẹ́rú kò dìde. Àfọ̀njá jà bí akọni. Wọ́n ní ọfà tí ó wọ ara rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ fi wà lóòró, tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn tí ó pa á láti sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n sun ún. Ní nǹkan bí ọdún 1824 ni èyí ṣẹlẹ̀.

Abdulsalami ọmọ Àlímì ni ó di Emir àkọ́kọ́ ní Ìlọrin. Ṣólàgbẹ́rú tí ó ká ọwọ́ gbera náà kú láìpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro.

ÌLÚ TÍ A WÀ YÌÍ NÁÀ RÍ IRÚ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwà Yorùbá tàbí ìwà Fúlàní ni èyí. Kwassau gorí oyè ní Zaria ní 1897. Àwọn ọmọ ogun Ibrahim Nagwamatse, ọba Kontagora, ń kó àwọn ará abúlé Zaria lẹ́rú, Kwassau sì ké pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1902 ni Gẹ̀ẹ́sì mú ọba Kontagora, ṣùgbọ́n wọn kò padà síbi tí wọ́n ti wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ Kwassau fúnra rẹ̀ lórí oyè. Ẹ̀yà yàtọ̀, ọdún yàtọ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní: ìtì wà, ṣùgbọ́n ìtì kì í ṣe ìpinnu. Nínú Suratu Ibrahim, Ọlọ́hun sọ fún wa pé ní ọjọ́ ìdájọ́ ṣàìtánì yóò bọ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò ní òun kàn pè wọ́n ni, àwọn ni wọ́n jẹ́ òun, ara wọn ni kí wọ́n bú. Aólẹ̀ ti Àfọ̀njá, Àṣàmú tì í, àkókò tì í. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fipá mú un pe Jàmáà, kò sì sí ẹni tí ó fipá mú un lé Fágbóhùn.

Èkejì: ẹ má jẹ́ kí á fi èpè bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́hun ni kádàrá wà, ṣùgbọ́n kò fi kádàrá ṣe àwáwí fún ẹnikẹ́ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta: ohun tí a bá fi ẹ̀tanú kó jọ, apá wa kò ní ká a. Olóṣèlú tí ó kó ìbọn lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ nítorí ìbò, Àfọ̀njá ni. Bàbá tí ó ń bínú sí ará àdúgbò tí ó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ rìn, Fágbóhùn ni ó ń lé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, yóò ní ọ̀rẹ́ ni ó ba ọmọ òun jẹ́.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má fi ìtàn yìí kórìíra aládùúgbò yín. Ẹni tí kò jẹ́ ìpè Àfọ̀njá ní ọjọ́ ìkẹyìn, ọmọ Yorùbá ni. Ẹni tí ó ń jiyàn pé ẹ̀yà báyìí ni ó pa á kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun náà ń pè wá sílé.

ÀDÚRÀ

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọ̀rẹ́ tí yóò sọ òtítọ́ fún wa, kí Ó sì fún wa ní etí tí a óò fi gbọ́ ọ. Kí Ó má jẹ́ kí ojú wa là lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti dí. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí àlàáfíà wà láàrin àwa àti gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ní Dakace, ní Zaria àti ní Nàìjíríà lápapọ̀. Āmín.