Hóró Ìrẹsì Ọjọ́ Ìgbéyàwó: Ìgbésí Ayé Juliette Gordon Low

Ẹ̀yin ìyá wa, púpọ̀ nínú wa ni ó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ Girl Guides rí ní ilé ìwé, àwọn mìíràn nínú wa sì ti jẹ́ olùkọ́ tí ń darí rẹ̀. Ọdún 1919 ni ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, Girl Scouts ni wọ́n ń pè é. Ìtàn obìnrin tí ó dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ni a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Adití ni, ṣùgbọ́n a kò bí i bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1860, ni a bí Juliette Gordon sí ìdílé ọlọ́rọ̀ ní ìlú Savannah, ìpínlẹ̀ Georgia. Daisy ni wọ́n ń pè é nílé. Ọlọ́yàyà ọmọ ni, ó fẹ́ràn àwòrán yíyà àti ẹran ọ̀sìn. Ní ọdún 1885, etí kan ń dùn ún. Dókítà fi oògùn tí ń jẹ́ silver nitrate sí i, oògùn náà sì ba etí ọ̀hún jẹ́. Ó wá ku ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ọdún 1886, William Mackay Low gbé e níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣà wọn ni láti da ìrẹsì lé ọkọ àti ìyàwó lórí fún oríire. Hóró kan bọ́ sínú etí rẹ̀ tí ó dára, ó sì há síbẹ̀. Níbi tí dókítà ti ń gbìyànjú láti yọ ọ́, ó dá awọ inú etí náà lu. Bí etí kejì ṣe lọ nìyẹn, ìyàwó tuntun, ẹni ọdún 26.

Àwọn dókítà kò rí i wò sàn. Ẹni tí kò gbọ́ràn a máa dá nìkan wà láàárín èrò, nítorí náà Daisy mú ọgbọ́n kan lò: òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, kí ó má baà jókòó bí òkúta. Ó tún wá iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì rọ ẹnu ọ̀nà onírin fún ọgbà ilé wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì lọ bá obìnrin mìíràn. Nígbà tí ọkọ náà kú ní ọdún 1905, obìnrin yẹn ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹjọ́ ni Daisy ṣe kí ó tó rí ohun tí yóò máa jẹ.

Ní ọdún 1911 ó pàdé Baden-Powell, ẹni tí ó dá Boy Scouts sílẹ̀. Lọ́dún náà ó kó ọmọbìnrin méje jọ ní Scotland, ó kọ́ wọn ní òwú rírán àti adìyẹ sísìn, kí wọ́n lè máa rí owó nílé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, ọdún 1912, ó bẹ̀rẹ̀ ní Savannah pẹ̀lú ọmọbìnrin 18. Ẹni ọdún 51 ni nígbà náà.

Bí ó bá ń tọrọ owó fún ẹgbẹ́, tí olówó kan sì kọ̀, a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, a sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí owó kò tó, ó ta ìlẹ̀kẹ̀ péálì rẹ̀. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ọmú pa á ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ọdún 1927, ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 160,000. Aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi sin ín.

Ẹ̀yin ìyá, bí etí ẹnì kan bá ṣàdédé dí láàárín wa, kí a má ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí òróró sí i. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ, nítorí ìtọ́jú a máa ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sì ṣí mọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà: kí a dúró síwájú rẹ̀, kí a rọra sọ̀rọ̀, kí a má pariwo láti ẹ̀yìn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ó tó ọdún 25 tí etí Daisy ti dí kí iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n tó bẹ̀rẹ̀.