John Wesley àti Ìdánilójú Ìgbàgbọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí òwe yìí bá kan ẹnikẹ́ni, ó kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nítorí kò ní pẹ́ tí a ó fi dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí a ó sì máa fi Ìwé Mímọ́ kọ́ wọn. Ọmọdé a sì máa bèèrè ọ̀rọ̀. Yóò fẹ́ mọ ọ̀nà tí olùkọ́ òun gbà mọ̀ pé òtítọ́ ni ohun tí ó ń sọ. Nítorí èyí ni a ṣe yàn láti kọ díẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé John Wesley sí ojú ìwé yìí, nítorí nǹkan bí ọdún 13 ni ó fi wàásù ìgbàgbọ́ fún àwọn ẹlòmíràn kí ọkàn òun tìkára rẹ̀ tó balẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1703 ni a bí i ní Epworth, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel ni orúkọ baba rẹ̀, òun ni àlùfáà ìlú náà. Susanna sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ 19 ni Susanna bí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò dàgbà. John ni ọmọ kẹẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé nínú ilé, ó sì ya àkókò sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún olúkúlùkù wọn, láti bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan nípa ọ̀ràn ọkàn rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John.

Ní oṣù kejì ọdún 1709, nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọdún mẹ́fà, ilé wọn gbiná ní òru. Gbogbo ará ilé ti jáde, ó ku òun nìkan ní yàrá òkè. Àtẹ̀gùn ti ń jó, kò sì sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé. Ó gun orí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé. Ọkùnrin kan sì gun èjìká ẹnì kejì rẹ̀, ó fà á jáde, òrùlé sì wó lulẹ̀ lójú kan náà. Títí ó fi di arúgbó ni ó máa ń fi ara rẹ̀ wé igi ìdáná tí a yọ kúrò nínú iná.

Ní ọdún 1714 ó lọ sí ilé-ìwé Charterhouse ní London, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Oxford ní 1720. A fi í jẹ díákónì ní 1725. Ní 1726 a yàn án mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Lincoln College, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní 1728 a sì fi í jẹ àlùfáà. Òun àti Charles àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn díẹ̀ kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ń jí ní kùtùkùtù láti gbàdúrà, wọ́n ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, wọ́n sì ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́. Nítorí pé ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe ni ó ní ètò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n sọ wọ́n ní Mẹ́tọ́díìsì. Orúkọ ẹ̀sín náà ni ó di orúkọ ìjọ ńlá lẹ́yìn náà.

Ta ni ìbá rí irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ tí kì bá wí pé ó ti dé ibi tí ẹni ìwà-bí-Ọlọ́run lè dé? Ṣùgbọ́n Wesley kò ní àlàáfíà. Bí ó ti ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ tó, kò mọ̀ bóyá ó tó tàbí kò tó. Ẹni tí ó ń san gbèsè tí kò mọ iye rẹ̀, ìgbà wo ni yóò wí pé òun ti san án tán?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1735 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà, láti ṣe àlùfáà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń bẹ níbẹ̀ àti láti wàásù fún àwọn onílẹ̀. Kò fi pamọ́ pé ìgbàlà ọkàn òun fúnra òun wà nínú ohun tí òun ń wá lọ. Nínú ọkọ̀ kan náà ni àwọn ará Moravia wà, àwọn Kristẹni láti ilẹ̀ Jámánì. Ní oṣù kìíní ọdún 1736 ìjì líle dìde sí wọn. Bí àwọn ará Moravia ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn wọn, òkun ru bo ọkọ̀, ó fa ìgbòkun ńlá ya, omi sì ya wọ inú ọkọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi igbe ta, ṣùgbọ́n àwọn ará Moravia kò dákẹ́ orin wọn. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, Wesley bèèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn bí ẹ̀rù kò ti bà wọ́n, àti bí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wọn kò ti bẹ̀rù. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wọn kò bẹ̀rù ikú. Wesley mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun. Ó mọ Ìwé Mímọ́ ní èdè Gíríìkì, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ní ohun kan tí òun kò ní.

Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Georgia, ó tọ Spangenberg lọ, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí àwọn ará Moravia, láti gba ìmọ̀ràn. Ọkùnrin yìí bi í bí ó bá ní ẹ̀rí náà nínú ara rẹ̀, àti bí ó bá mọ Jésù Kristi. Wesley fèsì pé òun mọ̀ pé Òun ni Olùgbàlà aráyé. Èkejì wí pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé Ó ti gba òun náà là? Wesley wí pé òun ní ìrètí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ó dáhùn. Ọkàn rẹ̀ kò dáhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Georgia kò yọrí sí rere. Òfin rẹ̀ le, àwọn ènìyàn sì kẹ̀yìn sí i, títí ó fi kúrò níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1737. Lójú omi ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lọ yí àwọn ẹlòmíràn padà, òun kò sì mọ ẹni tí yóò yí òun padà.

Ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1738. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí tí ó pàdé Peter Böhler, ará Moravia kan tí Wesley fi nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ Oxford kò tijú láti di akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Böhler kọ́ ọ pé ìgbàgbọ́ jẹ́ gbígbẹ́kẹ̀lé Kristi tọkàntọkàn, tí ó ń mú àlàáfíà àti agbára lórí ẹ̀ṣẹ̀ wá. Nígbà náà ni Wesley rí i pé òun kò ní in. Ó rò pé ó yẹ kí òun dẹ́kun ìwàásù, kí òun má baà jẹ́ àgàbàgebè. Böhler kọ̀ fún un. Ó ní kí ó máa wàásù ìgbàgbọ́ títí yóò fi ní in, nígbà tí ó bá sì ní in, kí ó máa wàásù rẹ̀ nítorí pé ó ní in.

Wesley gba ìmọ̀ràn náà, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún un. Ní oṣù kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ìgbàlà nípa ìgbàgbọ́ nìkan, ẹlẹ́wọ̀n tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún ni ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ní òpin oṣù náà, ó tún gbàdúrà pẹ̀lú irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ ní Oxford. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì dìde pẹ̀lú ayọ̀; ó ní a ti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun kúrò, òun sì ti ṣe tán láti kú. Ẹni tí a kọ́ ti rí i, ẹni tí ó kọ́ ọ kò tí ì rí i.

A fẹ́ kí ẹ̀yin olùkàwé wa kíyè sí ọ̀nà tí Wesley gbà wá ẹ̀rí, nítorí kò gba ọ̀rọ̀ Böhler gbọ́ láìwádìí. Kò rí i bí Ọlọ́run ṣe lè fún ènìyàn ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣí Ìwé Mímọ́, ó yẹ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì wò, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó yí padà níbẹ̀. Ó sá sí ẹ̀yìn ìdáhùn kan: bóyá ti ayé ìgbàanì ni, tí kò sí mọ́. Ní ọjọ́ kejì Böhler mú àwọn ènìyàn tí ó wà láàyè wá síwájú rẹ̀, olúkúlùkù sì jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún òun. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn Wesley parí.

Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Charles àbúrò rẹ̀ rí àlàáfíà lórí àkéte àìsàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, láìfẹ́ ọkàn rẹ̀ púpọ̀, John lọ sí ìpàdé kékeré kan ní òpópó Aldersgate ní London. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Martin Luther kọ sí ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú 15, ó mọ̀ pé ọkàn òun gbóná lọ́nà àrà, pé òun gbẹ́kẹ̀lé Kristi nìkan, àti pé a ti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun, àní òun, kúrò. Lójú kan náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn tí ó ti ṣe é ní ibi.

Àwọn mìíràn a máa parí ìtàn náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iyèméjì tún bá a, nítorí kò ní ayọ̀ púpọ̀ tí àwọn mìíràn ní. Ìyàtọ̀ tí ó rí ni pé nígbà àtijọ́ a máa ń ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí òun ni ó ń ṣẹ́gun. Ní 1739 ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní gbangba ìta ní ẹ̀bá Bristol, níbi tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn ti pé jọ. Ní 1742 a kọ̀ fún un láti wàásù nínú ilé ìsìn Epworth. Ó dúró lórí ibojì baba rẹ̀, ó sì wàásù níbẹ̀. A sọ òkò lù ú, àwọn jàǹdùkú fà á káàkiri, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ṣírò rẹ̀ pé ó rin ìrìn-àjò tí ó tó 250,000 máìlì, púpọ̀ jù lọ lórí ẹṣin, ó sì wàásù ju ìgbà 40,000 lọ.

Síbẹ̀, ní ọdún 1766, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 63, ó kọ lẹ́tà sí Charles, ó sì fi ìkọ̀wé àṣírí kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé òun kò rí ìfẹ́ Ọlọ́run nínú ọkàn òun. Ọkàn ẹni tí ó ti mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá sínú ìmọ́lẹ̀ náà a máa ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kò dúró nínú iṣẹ́. Ní ọdún kejì, 1767, ó tún kọ ìwàásù lórí ẹ̀rí Ẹ̀mí, ó sì kọ́ni pé ẹlẹ́rìí méjì ni Ọlọ́run fún wa: Ẹ̀mí Rẹ̀ tí ń bá ọkàn wa sọ̀rọ̀, àti èso tí ó hàn nínú ìwà wa. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé ọ̀kan láìsí èkejì. Nígbà tí ó di 1788, ó kọ ọ́ pé ní àtètèkọ́ṣe àwọn kò mọ ìyàtọ̀ tó láàárín ìránṣẹ́ Ọlọ́run àti ọmọ Ọlọ́run. Ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run tí kò tí ì ní ìdánilójú kì í ṣe ẹni ìtanù, kí ó ṣáà máa tẹ̀síwájú.

Èso ìgbàgbọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Ní 1774 ó kọ ìwé láti bá òwò ẹrú wí, òwò tí ó ba ilẹ̀ wa jẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1791, ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kú, ó kọ lẹ́tà sí Wilberforce láti gbà á níyànjú kí ó má ṣe rẹ̀wẹ̀sì nínú ìjà náà. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí baba rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, gúnlẹ̀ sí Badagry, ó sì dé Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1791 ni John Wesley sùn ní London, ní ẹni ọdún 87. Lórí àkéte ikú rẹ̀, ó sọ fún àwọn tí ó yí i ká pé èyí tí ó dára jù nínú ohun gbogbo ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ẹ̀rù ikú bà lójú òkun kò bẹ̀rù mọ́.

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú wa ni a óò rán lọ sí abúlé tí ó jìnnà, níbi tí kò ní sí olùkọ́ mìíràn tí a lè fi ọ̀ràn lọ̀. Bí iyèméjì bá bá wa níbẹ̀, kí a rántí pé ó bá Wesley ṣáájú ọdún 1738 àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí a ṣe bí ó ti ṣe: kí a yẹ Ìwé Mímọ́ wò, kí a fi etí sí ẹ̀rí àwọn tí Ọlọ́run ti ràn lọ́wọ́, àní bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé tàbí aláìmọ̀wé, kí a sì máa ṣe iṣẹ́ tí a fi lé wa lọ́wọ́ láìfi ohun tí a kò tí ì ní ṣe àṣehàn. Kí Ọlọ́run tí ó fún un ní ìdánilójú fún àwa náà ní tiwa.