Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: Bí Ó Ṣe Fi Owó Ara Rẹ̀ Kàwé

Níhìn-ín ní Ìlọrin, a máa ń rí ọmọ tó yege ìdánwò JAMB, tí yunifásítì sì ti gbà á wọlé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kú, ọjà tí ìyá rẹ̀ ń tà kò sì ju èyí tí wọ́n ń jẹ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó ka ìtàn yìí.

Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ Awólọ́wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni iye ọdún tó fi wá owó ìwé. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909 ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún máa ń la pákó. Ní 1920 bàbá yìí kú, ọmọ ọdún mọ́kànlá sì ni Awólọ́wọ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé lọ́dọ̀ ẹni yìí, ó gbé lọ́dọ̀ ẹni yẹn, ó ń pọnmi, ó ń ṣẹ́gi, ó ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, kó lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san ní Abẹ́òkúta.

Ní 1927 ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kúrò, ó sì lọ ń ṣe tíṣà. Ẹ wá wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ó kọ́ títẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì kọ́ shorthand, ìyẹn bí a ṣe ń fi àmì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kíákíá bí ẹnìkan ṣe ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ lèyí, bí iṣẹ́ télọ̀ tàbí kápẹ́ńtà. Òun ló fi rí iṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tó sì di 1932, ó padà sí Wesley College gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ẹ fojú inú wò ó: ilé ẹ̀kọ́ tó ti jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ló wá ń tẹ lẹ́tà fún! Ọ̀pọ̀ yóò kà á sí ìtìjú.

Ní 1934 ó di akọ̀ròyìn ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Times. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ òwò kòkó àti ọkọ̀ akẹ́rù. Òwò dára díẹ̀, lẹ́yìn náà iye owó kòkó já wálẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ti gbéyàwó nígbà náà, nítorí ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1937 ni òun àti Hannah Ìdòwú Dídéolú ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ̀kọ́ òfin ló wà lọ́kàn rẹ̀, London ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Ní 1940 ó kọ lẹ́tà sí Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá, gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé kó yá òun ní £1,400. Owó ńlá gbáà ni nígbà náà. Kò rí owó náà gbà. (Èmi kò dá olówó náà lẹ́bi: ta ni yóò yá ẹni tí òwò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní irú owó bẹ́ẹ̀?) Lóde òní àjọ NELFUND wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2024 láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé. Kò sí irú rẹ̀ fún Awólọ́wọ̀.

Ó ti ń kàwé nílé ní tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó ni. Ó ń ṣòwò lọ́sàn-án, ó ń kàwé lóru, títí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944, láìtíì kúrò ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni, bàbá ọmọ sì ni pẹ̀lú. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró sílé, tó ń ṣòwò, tó ń bọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946 ó di lọ́yà. Láti 1927 tó wọ Wesley College, ọdún mọ́kàndínlógún ni. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ó lé ní 800,000 ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ètò náà kò kan àwa níbí. Ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ Ọ̀fà tí kò jìnnà sí i kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé láàárín ọdún 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ bá ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ dọ́wọ́ pọ̀. Ní 1979 ẹgbẹ́ UPN rẹ̀ tún ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, Kwara kò sì sí níbẹ̀. UPN wọlé ní Kwara ní 1983, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n lò kí àwọn ológun tó gbàjọba.

Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n sọ Yunifásítì Ifẹ̀ lórúkọ rẹ̀, orúkọ ọkùnrin tó jẹ́ pé inú lẹ́tà ló ti gba oyè rẹ̀ àkọ́kọ́.