Bornhardt: Ọkùnrin tí Orúkọ Rẹ̀ Di Orúkọ Òkè

Ọdún 1864 ni wọ́n bí Wilhelm Bornhardt ní Jámánì. Iṣẹ́ àyẹ̀wò àpáta ló gbé e dé ilẹ̀ tó di Tanzania. Níbẹ̀ ló ti rí òkè olókùúta tó dá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní 1900 ó pè é ní Inselberg, òkè bí erékùṣù.

Ó kú ní 1946, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀: bornhardt ni wọ́n ń pe àpáta rìbìtì bíi ti Ìdànrè. Kì í sán púpọ̀, omi kì í ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tó bá sán ni onímọ̀ àpáta ń wá kí ẹnjiníà tó kọ́ ohunkóhun.

Orósun ni àwọn ará Ìdànrè ń pe ọ̀kan nínú òkè tiwọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ká tó jáde, ẹ jẹ́ ká gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.