Ẹjọ́ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó: Láti Ọ̀yọ́ Dé Lọ́ńdọ̀nù

  

Ìtàn ọba kan ni a mú wá lóṣù yìí. Ọmọ Èkó ni, Èkó ni ó sì ti jọba. Ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ìlọra ni ìjọba Òyìnbó lé e wá, ibẹ̀ ni ó sì wà fún bí ọdún mẹ́fà. Púpọ̀ nínú wa ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ kọjá lójoojúmọ́, a kò sì mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ yìí kan ìlú náà.

Èṣùgbàyí jẹ́ ọmọ Ọba Dòsùnmú, ẹni tí àwọn Òyìnbó fi agbára ọkọ̀ ogun mú kí ó fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 1861, tí Èkó fi di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Èṣùgbàyí gorí ìtẹ́ ní 1901, orúkọ oyè ṣì wà, ṣùgbọ́n agbára ti bọ́. Owó tí ìjọba ń fún un ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ààfin. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ohun tí ayé máa ń retí ni pé kí ó dákẹ́, kí ó máa jẹun rẹ̀. Èṣùgbàyí kò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó omi ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1908 ìjọba sọ pé àwọn ará Èkó yóò máa san owó orí omi ẹ̀rọ. Àwọn ará ìlú fárígá. Nígbà tí ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà ní 1916, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì gbà pé Elékòó ni ó wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mọ́sálásí pẹ̀lú. Àwọn Mùsùlùmí Èkó pín sí méjì: àwọn tí ó wà lẹ́yìn Lèmọ́mù, tí wọ́n fara mọ́ ìjọba, àti àwọn Jàmáà, tí wọ́n wà lẹ́yìn Elékòó. Àwọn Jàmáà yìí ni wọ́n di òpó ẹgbẹ́ òṣèlú tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923.

Ṣáájú èyí, ní 1920, Macaulay ti bá Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ọ̀pá àṣẹ Elékòó ni ó mú dání. Ìwé ìròyìn gbé e níbẹ̀ pé Elékòó ni ọba gbogbo Nàìjíríà. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Elékòó rán agogo ká ìlú, kí gbogbo ayé gbọ́ pé kò sí ohun tí ó kàn án nínú ọ̀rọ̀ Macaulay. Èṣùgbàyí kọ̀, kò rán agogo. Ìjọba sọ pé àwọn kò kà á sí ọba mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ní 1921, Olúwa jàre ní Lọ́ńdọ̀nù: kóòtù sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti ará ìlú, kí ìjọba san owó rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní 1925, àwọn kan nínú ìdílé Dòsùnmú àti nínú àwọn ìjòyè sọ pé àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè. Ohun tí ìjọba ń wá nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí ó fi Èkó sílẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́, ní ayé Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní. Wọ́n fi Ìbíkúnlé Akítóyè jọba. Nígbà tí ìyẹn kú ní 1928, wọ́n fi Sànúsí Olúsì sí i, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó jọba Èkó.

Láti Ọ̀yọ́, Èṣùgbàyí pe ìjọba lẹ́jọ́. Ohun tí ó béèrè ni ìwé àṣẹ tí àwọn lọ́yà ń pè ní habeas corpus: pé kí ẹni tí ó de ènìyàn mọ́lẹ̀ wá sọ níwájú adájọ́, òfin wo ni ó fi dè é. Wọ́n kọ̀ fún un ní kóòtù Èkó. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1928, wọ́n dá a láre lórí ọ̀rọ̀ kan: pé bí adájọ́ kan bá kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e tọ adájọ́ mìíràn lọ, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní ọdún kan náà ni wọ́n rán Macaulay lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, nítorí pé ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé àhesọ pé àwọn kan fẹ́ pa Elékòó.

Ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìjọba sọ pé ohun tí Gómìnà bá ti ṣe, kóòtù kò gbọdọ̀ tú u wò. Ní oṣù kẹta 1931, Privy Council dáhùn, Lord Atkin ni ó ka ìdájọ́ náà. Ó ní òfin tí Gómìnà gùn lé ní gbèdéke: ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìjòyè, wọ́n gbọ́dọ̀ ti rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́, àṣà ìlú sì gbọ́dọ̀ béèrè pé kí ó kúrò nílùú. Adájọ́ ni yóò wádìí àwọn nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe Gómìnà fúnra rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè gba òmìnira ènìyàn bí kò bá lè fi òfin gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níwájú kóòtù. Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí Èkó fún ìwádìí.

Ìwádìí náà kò parí. Gómìnà tuntun, Donald Cameron, dé ní ọdún náà, ó rí i pé àdéhùn sàn ju ẹjọ́ lọ. Wọ́n mú Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní 1931, Sànúsí Olúsì sì kúrò ní ààfin. Ìlú yọ̀. Ṣùgbọ́n adùn náà kò pẹ́. Èṣùgbàyí kú ní oṣù kẹwàá 1932.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ni a rí kọ́? Èkíní, ẹ wo ọ̀rọ̀ Sànúsí Olúsì. Mùsùlùmí ni ọba tí ó wà lórí ìtẹ́, síbẹ̀ ẹgbẹ́ tí àwọn Jàmáà jẹ́ òpó fún kò tìtorí èyí jáwọ́ nínú ẹjọ́ Èṣùgbàyí. Ọmọ ẹ̀sìn wa jọba kò sọ ohun tí wọ́n fi ipá gbà di ẹ̀tọ́. Ohun tí Suratu An-Nisaa, aya 135, kọ́ wa nìyẹn: kí a dúró ti òdodo, ìbáà ṣe lórí ara wa, òbí wa tàbí ìbátan wa.

Èkejì, àwọn àlùfáà wa máa ń sọ ìtàn Sàyídínà Aliyu, tí òun àti Júù kan jọ dé iwájú adájọ́ Shurayh lórí ẹ̀wù irin. Olórí gbogbo Mùsùlùmí ni Aliyu, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹ́rìí tó, adájọ́ sì dá Júù náà láre. Bí ọ̀gá kò bá lè pàdánù ní kóòtù, kóòtù kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta kàn wá tààrà. Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, bí kóòtù bá wà ní ìwọ̀n kìlómítà 40, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀? Nígbà tí wọ́n bá ti ọmọ aládùúgbò mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan, owó la máa ń dá, a kì í béèrè òfin. Nígbà mìíràn, àwa fúnra wa ni a lọ fi ẹjọ́ gbèsè sun ọlọ́pàá, kí wọ́n lè fi ìyà jẹ ẹni tí a bínú sí. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́. Èṣùgbàyí jẹ́ ọba, ó ní alátìlẹ́yìn, síbẹ̀ ó gbà á tó ọdún mẹ́fà. Tálákà tí kò ní ẹnìkan ńkọ́? Àwa ni ó yẹ kí a dúró tì í.

Kí Allah jẹ́ kí a wà lára àwọn tí ń ṣe déédéé, kí Ó má sì jẹ́ kí a di alábòsí. Àmín.